Ilé ìwé tí ò ní ọmọ mọ́, àti irin tó wà lẹ́yìn kíṣìnì màámi

Ọjọ́ Saturday tó kọjá yìí mo wà nílé màámi, iyán gbígbóná wà níwájú mi, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ oníìgbín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu òkèlè kejì ni fóònù mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àbúrò mi ni, fídíò kọ́ọ̀lù. Tírélà ló ń wà ní Amẹ́ríkà, ó ti ń lọ sọ́dún karùn-ún báyìí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ó wà ní Texas láàárọ̀ òní, kó tó di ọ̀túnla ó ti wà níbòmíì tí mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ gbé fóònù sọ́dọ̀ màámi, mo fẹ́ fi nǹkan kan hàn wọ́n." Mo fi fóònù ti jọ́ọ̀gì omi. Ohun tó fi hàn wá ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n fi bíríkì kọ́, òkúta funfun yí ojú fèrèsé ẹ̀ ká, koríko iwájú ẹ̀ mọ́ tónítóní. Màámi wò ó títí, wọ́n sún ìgò ojú wọn wálẹ̀, wọ́n ní, "Ulé ùwé rè é?" Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n ní, "Àwọn ọmọ ẹ̀ dà?"

Ẹ ò rí ọ̀rọ̀! Ẹni tó ti ṣe tíṣà fún ọdún márùndínlógójì, tó fi ipò HM fẹ̀yìntì, ohun tí ojú ẹ̀ kọ́kọ́ wá nìyẹn. Ilé ń dán, koríko ń dán, kò sí ọmọ kan tó ń sáré. Ọdún 1975 ni ọmọ ti jáde kẹ́yìn nínú ilé ìwé yẹn, títí dòní wọn ò wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ ju ilé ìwé tí ọmọ wà nínú ẹ̀ níbí lọ. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, ló bá ní kí n bá òun ṣàlàyé fún wọn, òun fẹ́ wọlé lọ wò ó, pé ọ̀fẹ́ ni. Bí iyán ṣe tutù mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn o. Mo ní kí n wá kọ ọ́ síbí náà, torí lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, màámi sọ nǹkan kan tí mi ò mọ̀ láti bí wákàtí tí wọ́n ti bí mi.

Monroe Elementary School lorúkọ ilé ìwé yẹn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹjọ́ Brown ti bẹ̀rẹ̀, ẹjọ́ tó mú kí kóòtù tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní 1954 pé kò bófin mu kí wọ́n ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun ní ilé ìwé ìjọba. Ìlú Topeka ló wà, olú ìlú ìpínlẹ̀ Kansas. Ìlú rélùwéè ni Topeka, àní rélùwéè ti wọ orúkọ ìlú yẹn débi pé ẹ ò lè yọ ọ́. Ọdún 1854 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó, ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀ ẹ́ dó, Cyrus Holliday, ló gba ìwé àṣẹ lọ́dún 1859 pé àwọn fẹ́ la ọ̀nà ojú irin, nígbà tó sì di 1868 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ gan-an. Rélùwéè yẹn ló wá di Atchison, Topeka and Santa Fe, tó lọ jìnnà jìnnà. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì àti wágọ́ọ̀nù ṣe, Topeka náà ló wà. Tẹ́ ẹ bá mọ Ẹ̀bùté Mẹ́ta nígbà tí rélùwéè ṣì ń jẹ́ rélùwéè, tí fèrè bá fọn láàárọ̀ tí gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé àkókò iṣẹ́ ti tó, bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ fọkàn yàwòrán ibẹ̀ nìyẹn.

Àwa ará Èkìtì kọ́, ọ̀rọ̀ tréènì ò kan apá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo, ó wá gba Ọ̀fà, ó gba Ìlọrin, ó forí lé òkè Ọya, kò tiẹ̀ bojú wo ọ̀dọ̀ wa. Bàbá bàbá mi a máa sọ pé ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rin ìrìn rélùwéè láti Èkìtì, pé ìgbà tóo bá rìn dé Òṣogbo tán ni tréènì tó lè gbé ẹ. Ọ̀rọ̀ Òṣogbo yìí ṣì ń bọ̀ níwájú, ẹ fi sọ́kàn.

Ó dáa. Báwo ni àwọn dúdú ṣe dé Kansas? Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, wọ́n dá ẹrú sílẹ̀, àmọ́ ìyà ò dá wọn sílẹ̀ ní gúúsù, nígbà tó máa fi di 1879 ọ̀pọ̀ ti palẹ̀ mọ́, wọ́n ń wọ Kansas tìdílétìdílé, Topeka sì wà lára ibi tí wọ́n dúró sí. Nítorí náà Topeka kì í ṣe irú Mississippi tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù o. Ìdí tí ọ̀rọ̀ ilé ìwé yìí fi kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nìyẹn. Òfin Kansas ìgbà náà, 1879 yẹn náà ni, ló gba àwọn ìlú ńláńlá láyè pé tí wọ́n bá fẹ́, wọ́n lè ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sọ pé dandan ni o, ó ní tó bá wù yín. Ó sì wu Topeka. Tí ọmọ bá dé sẹ́kọ́ńdírì, wọ́n á jọ wà pọ̀. Ẹ bá mi ròó, ọmọ ọdún mẹ́fà ò gbọdọ̀ jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́fà, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti hu irùngbọ̀n kò sí wàhálà mọ́. Bí èèyàn bá bi wọ́n léèrè ìdí, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi dáhùn.

Ilé ìwé mẹ́rin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọmọ dúdú: Monroe, Buchanan, McKinley àti Washington. Méjìdínlógún ni ti ọmọ funfun. Ibi tí ìrìn yẹn ti máa le nìyẹn, torí tí ilé ìwé tìẹ bá jẹ́ mẹ́rin péré ní odindi ìlú, o máa rìn ni.

Ní báyìí, ibi tí àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í sọ nìyí, mo ti rí i lórí WhatsApp kò níye, wọ́n á ní wọ́n kó ọmọ dúdú sínú ahéré, òrùlé ń jò, tíṣà ò kàwé. Irọ́ ni, ó kéré tán ní Topeka. Monroe tí wọ́n kọ́ ní 1926 kì í ṣe ahéré. Thomas Williamson ló ya àwòrán ẹ̀, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé ni ní ìlú yẹn, òun àti iléeṣẹ́ ẹ̀ náà ló sì ya Sumner, ilé ìwé ọmọ funfun tó máa tó wọ inú ìtàn yìí. Bíríkì gidi, iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Àwọn tíṣà ẹ̀ mọ iṣẹ́, dúdú ni gbogbo wọn, àwọn òbí sì fẹ́ràn wọn. Leola, ìyá ọmọ tí ẹjọ́ náà dá lórí, Monroe yẹn náà lòun fúnra ẹ̀ lọ ní kékeré, dáadáa ló sì máa ń sọ nípa àwọn tíṣà ẹ̀ títí ó fi darúgbó. Nítorí náà ilé ìwé tí ò dáa kọ́ ni wọ́n pe lẹ́jọ́. Ohun tó mú ẹjọ́ yẹn le tó sì mú un dùn nìyẹn, torí ká ní òrùlé ń jò, adájọ́ á kàn ní kí wọ́n lọ fi páànù tuntun sí i, ẹjọ́ á parí.

Ọmọ náà ni Linda Brown, kíláàsì kẹta ló wà. Bàbá ẹ̀, Oliver Brown, wẹ́dà ni ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù rélùwéè Santa Fe, ó tún ń ṣe igbákejì pásítọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Ẹ wo ìrìn ọmọ yẹn láàárọ̀, bí bàbá ẹ̀ ṣe rò ó ní kóòtù ni mo ṣe ń rò ó fún yín. Aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú ló ń jáde nílé. Á gba àárín ojú irin kọjá, ibi tí wọ́n ti ń já wágọ́ọ̀nù mọ́ra wọn tí ẹ́ńjìnnì ń lọ tó ń bọ̀, títí á fi dé ibi tó ti máa dúró de bọ́ọ̀sì aago mẹ́jọ. Bọ́ọ̀sì lè pẹ́. Òjò lè máa rọ̀, yìnyín lè máa bọ́. Tí bọ́ọ̀sì bá wá dé lásìkò, aago mẹ́jọ ààbọ̀ ló ń já wọn sílẹ̀ ní Monroe, bẹ́ẹ̀ ilé ìwé ò ní ṣílẹ̀kùn títí di aago mẹ́sàn-án, ìta ni wọ́n á dúró sí, wọ́n á máa fò sókè sódò kí ara wọn lè móoru. Wọ́n máa ń fi ìdábùú títì ka jíjìn ibì kan lọ́hùn-ún. Láti ilé wọn dé Monroe, ìdábùú mọ́kànlélógún. Sumner tó jẹ́ ti ọmọ funfun? Méje péré. Àwọn ọmọ tí Linda ń bá ṣeré ní títì ilé wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ.

Lọ́dún 1950 bàbá ẹ̀ fà á lọ́wọ́, ó lọ fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Sumner. Linda máa ń sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé wọ́n ní kóun jókòó síta, bàbá òun wọ ọ́fíìsì ọ̀gá lọ, òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ òun ń gbọ́ ohùn wọn bó ṣe ń lọ sókè. Lẹ́yìn náà bàbá jáde wá, ó di ọwọ́ òun mú, wọ́n rìn padà sílé.

Ibi tí mo sọ ọ́ dé yìí ni màámi ti fọwọ́ kan àwo, wọ́n ní, "Kò bínú lójú ọmọ?" Mo ní mi ò mọ̀ mà, ohun tí ọmọ ẹ̀ rántí ni pé ó di ọwọ́ òun mú. Wọ́n mi orí.

Oliver Brown nìkan kọ́ ló pẹjọ́ o. Òbí mẹ́tàlá ni, fún ogún ọmọ. Méjìlá nínú wọn obìnrin ni, òun nìkan ni ọkùnrin, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì fi síwájú, ẹjọ́ bá di ti Brown títí láé. (Ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú, bó ṣe máa ń rí nìyẹn, ẹ gbé iṣẹ́ náà, orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé.) Ẹgbẹ́ NAACP ti Topeka, àwọn tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, ló ṣètò gbogbo ẹ̀, McKinley Burnett ni alága, Lucinda Todd ni akọ̀wé, tíṣà sì ni Todd tẹ́lẹ̀ kó tó lọ́kọ. Àwọn kan tún ní rélùwéè tí Brown ń bá ṣiṣẹ́ wà lára ohun tó fi lè jáde, torí ó wà nínú union, kò rọrùn kí wọ́n kàn jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ọjọ́ 28 oṣù kejì 1951 ni ìwé ẹjọ́ wọ kóòtù. Nínú oṣù kẹjọ, adájọ́ mẹ́ta sọ pé lóòótọ́ ni ìyàsọ́tọ̀ yìí ń ṣe ọmọ dúdú léṣe, wọ́n kọ ọ́ sínú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n tún ní ọwọ́ àwọn wà ní dídè, ìdájọ́ 1896 ti wà nílẹ̀.

Ìdájọ́ wo ní 1896? Ibi tí tréènì tún ti yọjú nìyí. Ní 1892, ní New Orleans, ọkùnrin kan tó ń ṣe bàtà, Homer Plessy, ra tíkẹ́ẹ̀tì ipò kìíní, ó lọ jókòó sínú kóòṣì tí wọ́n ní funfun nìkan ló wà fún, wọ́n mú un. Ẹjọ́ yẹn dé kóòtù tó ga jù lọ, ní 1896 adájọ́ méje sí ẹyọ kan ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, kó ṣáà ti dọ́gba. Láti inú kóòṣì tréènì ni wọ́n ti gbé e dé ilé ìwé, dé ilé ìwòsàn, dé ẹ̀rọ omi mímu. Ọdún 1896 yẹn náà sì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin Èkó níbí. Mi ò sọ pé ọ̀kan fa èkejì o, ó kàn ṣe mí bákan ni. Okùn tí wọ́n ta nínú tréènì lọ́dún yẹn, ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè ni wọ́n fi orúkọ bàbá ẹ̀ tú u.

Nígbà tí ẹjọ́ Brown náà dé kóòtù tó ga jù lọ, wọ́n kó ti Kansas pọ̀ mọ́ ti South Carolina, Virginia àti Delaware, ti Washington D.C. wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, Thurgood Marshall ló ṣáájú àwọn lọ́yà. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 1954, Earl Warren tó jẹ́ olórí adájọ́ ka ìdájọ́: mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló fẹnu kò, ìyàsọ́tọ̀ ní ilé ìwé ìjọba ò bá òfin mu mọ́. Wọn ò sọ pé Monroe ò dáa. Wọ́n ní yíyà tí ẹ ya ọmọ sọ́tọ̀ yẹn fúnra ẹ̀ ni àìdọ́gba. Linda ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn, kò jókòó ní kíláàsì Sumner lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo rò pé màámi á pàtẹ́wọ́. Wọn ò pàtẹ́wọ́ rárá. Wọ́n ní, "Àwọn tíṣà ńkọ́?" Mo ní tíṣà wo? Wọ́n ní àwọn tíṣà dúdú tóo ní wọ́n mọ iṣẹ́ yẹn, tí wọ́n bá kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ òyìnbó, ta ni wọ́n á máa kọ́?

Ẹ gbọ́ ná, mo ti ka ìtàn yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí n tó rí ohun tí màámi rí lẹ́ẹ̀kan yẹn. Torí òótọ́ ni. Ní 1953, kí ìdájọ́ tiẹ̀ tó wáyé, wọ́n ti kọ lẹ́tà sí àwọn tíṣà dúdú kan ní Topeka pé ó ṣeé ṣe kí àwọn má gbà wọ́n padà lọ́dún tó ń bọ̀, pé tí ẹjọ́ bá lọ bó ṣe ń lọ, àwọn òbí funfun ò ní fẹ́ wọn. Ní gúúsù ló wá burú jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tíṣà àti ọ̀gá ilé ìwé dúdú ni wọ́n dá dúró, wọ́n gba àwọn ọmọ, wọn ò gba tíṣà wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn. Màámi fọ ọwọ́, wọ́n nu ún, wọ́n ní "ẹ̀n-ẹ́n."

Ilé náà ńkọ́? Wọ́n tì í ní 1975, ọmọ àdúgbò ti dínkù. Wọ́n tà á, ẹni tó rà á ń kó ẹrù sínú ẹ̀. Ilé tí wọ́n fi yí òfin odindi orílẹ̀-èdè padà, ẹrù ló wà nínú ẹ̀ o. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1990, wọ́n tún ti gbé e sí títà. Cheryl, àbúrò Linda, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ dá Brown Foundation sílẹ̀ ní 1988, ló gbọ́, wọ́n pariwo, wọ́n wá ẹgbẹ́ tó máa ń ra ilẹ̀ pa mọ́ fún ará ìlú, ẹgbẹ́ yẹn rà á. Ní 1992 ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ ọ́ di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, Bush bàbá ló fọwọ́ sí i. Wọ́n ń tún un ṣe títí, wọ́n ò ṣí i fún ará ìlú àfi ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2004, àádọ́ta ọdún gééré sí ọjọ́ ìdájọ́, Bush ọmọ ló wá síbi ìṣílé. Ní 2022 wọ́n tún fẹ̀ ẹ́, wọ́n kó àwọn ibi tó jẹ mọ́ ẹjọ́ yòókù ní South Carolina àti Virginia mọ́ ọn.

Ẹ wá wo Sumner. Ilé ìwé funfun yẹn ló kọ́kọ́ gba àmì ẹ̀yẹ ilé ìtàn ní 1987, kí Monroe tó gbà á. Wọ́n tì í ní 1996, ó sì wà lófìfo. Nígbà tó di 2008 àwọn ẹgbẹ́ tó ń rí sí ilé àtijọ́ fi orúkọ ẹ̀ sínú ilé mọ́kànlá tí ewu bíbàjẹ́ wu jù ní Amẹ́ríkà. Àmì kan náà ni wọ́n gbà o, ìlú kan náà. Ìyàtọ̀ tí mo rí ò ju pé Monroe ní ọmọ oníǹkan tó dúró tì í, tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, Sumner ò ní. Àwa náà ti rí i níbí, ilé Ilojo Bar l'Ékòó, láti 1956 ni ìjọba ti kéde pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, katakata ló wó o lulẹ̀ lóṣù kẹsàn-án 2016.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní dárúkọ ìlú ẹ̀. Oṣù tó kọjá ni wọ́n wó ilé ìwé tí mo ti kọ́ A B D, apá ibi tí ó jẹ́ ilé amọ̀ ìpìlẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù ló máa wà lójú títì níbẹ̀. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ilé yẹn ti sán, ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọmọ tèmi ni mi ò ní jẹ́ kó jókòó síbẹ̀ nígbà òjò. Ṣùgbọ́n ilé yẹn nítàn, màámi ló sì ń sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ Saturday yìí.

Oṣù karùn-ún 1954 ni ìdájọ́ Amẹ́ríkà, àbí? Ọjọ́ 17 oṣù kìíní 1955, oṣù mẹ́jọ péré sí i, ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Western Region, ìjọba Awólọ́wọ̀, Awókòyà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ti gbé ètò ẹ̀ kalẹ̀ láti 1952. Màámi wà lára àwọn tó wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an. Kí wọ́n tó wọlé, ìlú ló kọ́ ilé. Wọ́n ní ìyá wọn ń pọn omi láti odò, bàbá wọn ń gún amọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ògiri tiẹ̀, tí ògiri àdúgbò ẹ bá wọ́, ìtìjú ni. Kò sí bíríkì, kò sí ayàwòrán ilé, okùn ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, tíṣà ní kí gbogbo ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kó fi kan etí òsì, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ bá kan etí ti tó iléèwé. Ọwọ́ màámi ò kàn án. Wọ́n fi ara sí i, wọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, ó wá kàn án. Tíṣà rí i pé wọ́n ṣe màgòmágó, ó rẹ́rìn-ín, ó kọ orúkọ wọn. Màámi ṣe é fún mi lórí àga tí wọ́n jókòó sí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, wọ́n na ọwọ́ gba orí ìborùn kọjá, wọ́n tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Àwa Èkìtì tí tréènì yẹra fún, ilé amọ̀ yẹn la wọ̀ dé Ìbàdàn, dé Ifẹ̀, dé ibi tí àbúrò mi ti ń wa tírélà. Kò sì sí ẹni tó ya fọ́tò ẹ̀ kan kí katakata tó dé, èmi náà ò yà á, fóònù mi kún fún fọ́tò ayẹyẹ.

Mo wá bi wọ́n pé agogo ńkọ́, mà? Àwa tá a lọ ilé ìwé yẹn mọ agogo yẹn. Kì í ṣe agogo gidi, irin ni, irin gbọọrọ tí wọ́n fi wáyà so mọ́ igi máńgòrò, tí wọ́n ń fi bóòtù ńlá kan lù, tó bá ké láàárọ̀ tóo ṣì wà lójú ọ̀nà, o mọ̀ pé o ti jẹgba. Mo rò pé àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀ẹ̀mù irin ti kó o lọ.

Màámi ní, "Ó wà lẹ́yìn kíṣìnì."

Mo ní ẹ̀yìn kíṣìnì wo? Wọ́n ní ẹ̀yìn kíṣìnì mi yìí náà. Ọjọ́ tí wọ́n wó ilé, wọ́n rí ọmọkùnrin kan tó gbé e sínú bárò tó ń lọ tà á, wọ́n dá a dúró, wọ́n san owó ẹ̀ fún un. Wọ́n ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí àwọn ọmọ wọn á ní wọ́n ti ń kó pàǹtí jọ. Wọ́n wá ní, "Irin rélùwéè ni. Bàbá mi wà lára àwọn tó rù ú láti Òṣogbo."

Ọdún tí mo ti ń gbọ́ agogo yẹn tó! Mo sáré jáde. Àgbá omi ni wọ́n fi gbé lé e lórí, kí ìdí àgbá má baà kanlẹ̀ kó dípẹtà. Mo da omi inú àgbá sínú bàsíà mẹ́ta, mo sún un, mo fi bulọ́ọ̀kù kan rọ́pò ẹ̀, mo gbé irin yẹn síta. Kò gùn ju apá èèyàn lọ, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó dé iwájú ilé. Òótọ́ ni, irin rélùwéè ni, ìdí ẹ̀ fẹ̀, àárín ẹ̀ tín-ín-rín, orí ẹ̀ rí gìdìgbà, ojú ibi tí bóòtù ti ń bà á láti ọdún yìí wá ti jẹ wọnú. Àbúrò mi tún pè padà, ó ti jáde nínú Monroe, ó ní wọ́n tún yàrá jẹ́lé-ó-sinmi kan ṣe bó ṣe wà látijọ́. Mo ní kó dúró ná. Mo yí kámẹ́rà sí irin náà, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Lẹ́tà kan wú síta, mi ò lè kà á. Lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀kan àti ẹ́sàn-án, 19, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ìpẹtà ti jẹ. Àbúrò mi ní kí n lù ú. Màámi ní kí n má lù ú nínú ọ̀sán gangan, àwọn ọmọ àdúgbò á rò pé nǹkan ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n lọ mú ọmọ odó wá.